Abẹ́rẹ́ Tí Ń Ti Dígí Ojú Wọlé

Ẹni tó ń gbé ní Ajúwọ̀n lónìí, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ti bá Èkó pààlà, lè rò pé ìtàn àtijọ́ ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí ojú tó ti funfun wọ inú ẹyinjú lọ. Ilé ìwòsàn Sacred Heart ti wà ní Lantoro, l'Ábẹ́òkúta, láti 1895. LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ti Èkó, náà ti wà ní Ìdí-Àràbà láti 1962. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ojú àwọn tó lé ní 13,000 wò káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí nítorí àìsàn yìí, ó ju 40 lọ nínú 100 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ní jíjìnnà ilé ìwòsàn ló fà á kò parọ́, ṣùgbọ́n àlàyé wọn kò tó. Ìlọrin ní ilé ìwòsàn yunifásítì, síbẹ̀ ní 2004 àwọn dókítà ojú níbẹ̀ ṣì ń kọ̀wé nípa àwọn tí abẹ́rẹ́ yìí ba ojú wọn jẹ́.

Àsìkò ló gbé iṣẹ́ náà ró, lójú tèmi. Bí dígí náà bá ti yẹ̀ lọ́nà báyìí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, aláìsàn á ka ìka tí wọ́n nà sí i, wọ́n á sì sanwó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìyà ń bọ̀. Dígí tó já sínú omi ojú lè máa jò, ìdọ̀tí lè bá abẹ́rẹ́ wọlé, inú ojú á wú. Awọ tín-ín-rín lè hù bo awọ ẹ̀yìn ojú, kó máa fà á títí yóò fi ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Nínú omi irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń rí èròjà tó ń bá wíwú rìn, bí interleukin-6, tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ló lè fojú lásán rí ìyẹn? Nígbà tí òkùnkùn bá padà dé, oníṣẹ́ ti wà ní ìlú mìíràn, ará ilé á sì ní ogbó ni, tàbí ọwọ́ ayé.

Wọ́n lè bi mí pé ṣé Òyìnbó kò ṣe é rí ni. Wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí Jacques Daviel ará Faransé tó sọ yíyọ dígí náà síta di iṣẹ́ ní nǹkan bí 1747. Àwọn ará Íńdíà ti ṣe é ṣáájú wọn. N kò sì pe àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní ọ̀dájú: nígbà tí kò sí òmíràn, rírí fírí sàn ju àìrí rárá. Wọ́n tún ní àwọn kan ṣì ń ríran lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Òótọ́ ni, àwọn wọ̀nyí náà ló sì ń polówó oníṣẹ́. Ẹni tó fọ́jú kì í polówó. Ìgbà tí àwọn aṣèwádìí wá láti ilé dé ilé ni a tó kà á mọ́ wọn, a sì rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ojú tí wọ́n gún bẹ́ẹ̀ kò ríran mọ́.