Alùpùpù Ìbejì: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ará Texas Nínú Orúkọ Bonneville

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ dákun, ẹ pe ọ̀rọ̀ náà sókè, kí ẹ sì pè é léraléra: alùpùpù, alùpùpù. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀? Ohùn tí ẹ̀rọ náà ń ké ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, tí wọ́n ti ń fi alùpùpù gbé èrò káàkiri ìlú, àwọn èèyàn tún sọ ọ́ ní ọ̀kadà, wọ́n yá orúkọ náà lò lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air. Orúkọ ẹ̀rọ kì í ṣàdédé wá.

Ìtàn orúkọ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín: Triumph Bonneville. Bí ẹ bá ń gbé Dallas bíi tèmi, ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn Texas tó gbóná jù. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọn á ní alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá mọ̀ díẹ̀ sí i á ní Bonneville jẹ́ orúkọ pápá iyọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Utah. Òótọ́ nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Texas, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Texas ló gbé alùpùpù lọ sórí iyọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ló jẹ́ onísìlíńdà kan. Ní ọdún 1937, Edward Turner, tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ Triumph, gbé Speed Twin jáde, onísìlíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo máa ń pè é ní ìbejì, kì í sì í ṣe àwàdà lásán. Pístìn méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ yìnbọn. Bí Táyé bá yìn ín ní yíyí yìí, Kẹ́hìndé ló máa yìn ín ní yíyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń ṣe déédéé ju ti onísìlíńdà kan lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì ṣe jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ yẹn náà ló ń mú kó máa gbọ̀n jìgìjìgì. Ní 1949, wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì náà di 650cc, wọ́n pè é ní Thunderbird, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà tí títì wọn gùn tí wọ́n sì ń béèrè agbára sí i. Òun náà ni Marlon Brando gùn nínú fíìmù *The Wild One* ní 1953.

Ó wá ku Texas. Ní Fort Worth, tí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí Dallas, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Pete Dalio, ó ń ta Triumph. Jack Wilson ni mẹkáníìkì tó mọ inú ẹ́ńjìnnì náà dunjú. Stormy Mangham, ẹnì kẹta wọn, ń wa ọkọ̀ òfurufú fún American Airlines, ó sì mọ bí atẹ́gùn ṣe ń ṣe sí ohun tó bá ń sáré. Johnny Allen, ọmọ Texas tó ń fi alùpùpù díje, ló máa gùn ún. Mangham ló kọ́ ara ọkọ̀ náà: ó gùn, ó rí roboto, ó ṣẹnu ṣóńṣó, ẹni tó bá gùn ún á wọnú rẹ̀ lọ ni, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Wọ́n wá ń pè é ní Texas Cee-gar, nítorí ó jọ sìgá ńlá. Ẹ́ńjìnnì tí Wilson tún ṣe síbẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Thunderbird 650cc ni, irú èyí tí olùkọ́ tàbí káfíńtà lè rà. Methanol ni wọ́n ń bu sí i dípò pẹtiróòlù.

Ní 1955, Allen gbé e lọ sórí pápá iyọ̀ Bonneville, ó sì sáré ju máìlì 190 lọ ní wákàtí kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Jámánì, ilé-iṣẹ́ NSU, náà dé sórí iyọ̀ kan náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1956, Wilhelm Herz gun ẹ̀rọ wọn dé nǹkan bí máìlì 210. Tiwọn náà, ìbejì ni, 500cc, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí i tó ń ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn Herz. Ta ló wà lẹ́yìn Allen? Ṣọ́ọ̀bù kan ní Fort Worth.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, Allen dé máìlì 214. Ẹ má gbàgbé pé irú eré yìí kì í ṣe àsálọ nìkan. Wọ́n á sá a lọ, wọ́n á sá a bọ̀, wọ́n á wá pín àpapọ̀ rẹ̀ sí méjì, kí atẹ́gùn má baà ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ AMA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà á. Ṣùgbọ́n FIM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí eré alùpùpù, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kò sí aṣojú àwọn níbẹ̀ tó ṣe ẹlẹ́rìí. Triumph bínú, wọ́n bá FIM fa ọ̀rọ̀ náà títí, FIM ò yí ohùn padà. Nínú ìwé FIM, Herz ló ṣì yára jù.

Èmi ò ní pé FIM purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ kan, ó yẹ kó mú ẹlẹ́rìí tí àjọ náà fọwọ́ sí dání. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń wo ìtàn yòówù: ta ló lówó láti gbé ẹlẹ́rìí láti òkè òkun wá sórí iyọ̀ Utah? Ilé-iṣẹ́ ńlá ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí a ń kà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó rówó pe akọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu ní kíláàsì ti mọ ohun tí mò ń wí.

Triumph ò dúró de FIM. Ní 1958, wọ́n gbé alùpùpù tuntun jáde ní London fún ọdún 1959: T120 Bonneville, 650cc, kábúrétọ̀ méjì. 120 yẹn ni máìlì tí wọ́n fẹ́ kó lè sá ní wákàtí kan. Nígbà tó yá, wọ́n tún lẹ sítíkà mọ́ orí táǹkì rẹ̀ tó ń kéde pé Triumph ló ni ìyára tó ga jù lágbàáyé. Orúkọ pápá iyọ̀ wà lára alùpùpù náà. Orúkọ Wilson, Mangham, Dalio àti Allen ò sí níbẹ̀. Alùpùpù yẹn tà gan-an ní Amẹ́ríkà, títí Honda fi gbé CB750 onísìlíńdà mẹ́rin dé ní 1969, èyí tí ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnì kó tó dún. Ilé-iṣẹ́ Triumph tó wà ní Meriden kógbá sílé ní 1983. Àwọn tó ra orúkọ náà ló tún gbé Bonneville mìíràn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000.

Jack Wilson ní tiẹ̀ bọ́ sí Dallas níkẹyìn, sí ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ Big D Cycle. Big D ni orúkọ ìnagijẹ Dallas. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tún ń ṣe ẹ̀rọ tó ń padà lọ sáré lórí iyọ̀ náà. Àríwá Texas sì ṣì ní àwọn tó ń gun ìbejì àtijọ́, àwọn olówó Norton pàápàá ní ẹgbẹ́ tiwọn, North Texas Norton Owners Association.

Bí ó bá wù yín láti ní ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Sípánà ilé yín lè má ba nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu, torí ìwọ̀n Whitworth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn. Á máa jo ọ́ìlì. Àwọn olówó rẹ̀ máa ń ní ìgbà tí kò bá jò ni kí ẹ bẹ̀rù, ó ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Gíà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bíréèkì lẹ́sẹ̀ òsì, torí òfin tó ní kí gíà wà lósì ò dé Amẹ́ríkà títí di 1974. Ẹni tó bá ti mọ alùpùpù òde òní lára, tí ajá já sójú títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ tẹ gíà níbi tó yẹ kó tẹ bíréèkì. Torí náà, ẹ lọ gùn ún ní pápá òfìfo fún ọjọ́ mélòó kan ná. Òfin Texas gbà kí ẹni tó ti pé ọdún 21 má dé akoto tó bá ti gba ẹ̀kọ́ tàbí tó ní ìṣedúró ìlera. Èmi ní kí ẹ dé e. Bí ẹ bá gba nọ́ńbà ọkọ̀ àtijọ́, èyí tó wà fún ọkọ̀ tó ti pé ọdún 25 ó kéré tán, ìpàtẹ, ìwọ́de àti òde ẹgbẹ́ ló wà fún, kì í ṣe ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Láti mú un dún, ẹ ṣí epo, ẹ tẹ bọ́tìnì kékeré ara kábúrétọ̀ títí epo á fi kan ìka yín. Ẹ rọra fi ẹsẹ̀ wá ibi tó ti le, kí ẹ tó wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tìlọ́ra-tìlọ́ra, ó lè ta ẹsẹ̀ yín padà.

Texas Cee-gar fúnra rẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbẹ̀yìn, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé alùpùpù tó wà nítòsí Birmingham. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, iná sọ níbẹ̀, ó jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún alùpùpù. Ó jó Cee-gar náà. Wọ́n ti tún un ṣe.