Eruku Reggane àti Ọyẹ́ Wa: Ohun tí Sẹ́síọ̀mù 137 Lè Jẹ́rìí Sí

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, ìjọba Faransé dán àdó olóró átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà ilẹ̀ Àlùjíríà. Wọ́n sọ ọ́ ní Gerboise Bleue. Gerboise ni eku aṣálẹ̀ kan tó máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tọ kiri. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ funfun, ìkẹta pupa: àwọ̀ àsíá Faransé pé. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ìsọlórúkọ, iṣẹ́ ńbẹ níbẹ̀.)

Lẹ́yìn ìdánwò kẹta, ní oṣù kìíní 1961, ìjọba Balewa ní Nàìjíríà lé aṣojú Faransé jáde. Dahomey tiwa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù kẹjọ 1960, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kétu àti Mẹ̀kọ ń sọ èdè kan, ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lù wọ́n, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba méjì ni wọ́n wà. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kàwé lédè Faransé, n kò gbọ́ orúkọ Reggane rí. Nígbà tí mo bá sì sọ ọ́ nílé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ṣé oró náà wà nínú ọyẹ́ wa?

Sẹ́síọ̀mù 137 ni a lè kọ́kọ́ bi. Kò sí nínú ilẹ̀ kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ átọ́ọ̀mù. Àwọn ìdánwò Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì gbé e sókè réré, òjò sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ káàkiri ayé, tó fi dé góńgó ní nǹkan bí ọdún 1963. Ọdún 30 ni ìdajì rẹ̀ fi ń pòórá. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀. Bí amọ̀ kò bá lọ, òun náà kò lọ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n níbi títẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò ro láti ìgbà náà, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n lóko. Bí ti oko bá dín, ọ̀gbàrá tàbí afẹ́fẹ́ ti kó ilẹ̀ lọ; bó bá lé, ilẹ̀ ibòmíràn ló wá jókòó síbẹ̀. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí igbó orò fún ìwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn.

Ní oṣù kejì 2021, eruku Sàhárà bo òkè Jura ní Faransé. Ẹgbẹ́ ACRO wọ̀n ọ́n, wọ́n rí sẹ́síọ̀mù 137 nínú rẹ̀. Ìròyìn tàn pé oró Faransé ti padà sílé. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú sẹ́síọ̀mù kò ní ilà: ti Reggane àti ti Nevada kò yàtọ̀. Plútóníọ̀mù ló kọlà. Ìwọ̀n 240 sí 239 nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.18 nínú oró tí ìdánwò Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì fọ́n ká ayé. Ti Faransé ní Sàhárà kò tó 0.07. Olivier Evrard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ eruku oṣù kẹta 2022 wò, èyí tí àwọn ará ìlú bá wọn kó jọ ní Yúróòpù, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2025. Gúúsù Àlùjíríà, títí kan agbègbè Reggane, wà lára ibi tí eruku náà ti wá, àmọ́ ilà ojú rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì.

“Eruku yìí ti Reggane wá” àti “oró inú eruku yìí ti Reggane wá”: gbólóhùn méjì ni, ìròyìn 2021 sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Èsì yìí kò dá Faransé láre o. Àwọn tó ń gbé ní Reggane ṣì ń gbé lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti dán àdó mẹ́rin wò lójú afẹ́fẹ́.

Ní ti ọyẹ́ wa, Bodélé ní Chad ni púpọ̀ eruku rẹ̀ ti ń wá. Oró tó lè wà nínú rẹ̀ ni èyí tó rọ̀ sórí gbogbo ayé. Èyí ló mú kí n tún èrò mi lórí igbó orò gbé wò: ewé igi lè gba eruku ọyẹ́ ju oko gbalasa lọ. Bí ìwọ̀n igbó bá ti ga nítorí eruku, ti oko yóò dà bí èyí tó dín, a ó sì sọ pé àgbẹ̀ Kétu ti jẹ́ kí ọ̀gbàrá kó ilẹ̀ tó ṣì wà níbẹ̀ lọ.