Ta Ló Mú Ètùtù Wá?

Kí ìyìn rere tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba wa ti mọ ètùtù: ohun tí a fi ń tu ẹni tí inú ń bí lójú. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther ṣe agbátẹrù ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, lò ní Róòmù 3:25.

Ní 1931, C. H. Dodd jiyàn pé ìwẹ̀nùmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì ibẹ̀ ń sọ, kì í ṣe títu ìbínú Ọlọ́run. Ní 1955, Leon Morris dá a lóhùn pé ìbínú tí Pọ́ọ̀lù ti kéde ní Róòmù 1:18 kò ṣeé fojú fò. A fara mọ́ Morris. Ọ̀rọ̀ ètùtù kò fi ìbínú náà pamọ́.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Lójúbọ, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń wá ẹran kiri. Ní Róòmù, Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ gan-an ló pèsè ètùtù, Ọmọ Rẹ̀ sì ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a bá ní kí ọmọ ìjọ mú owó wá kí ìbínú Ọlọ́run lè rọ̀, ojúbọ la dá a padà sí. Jésù ti san án tán.