Bí A Ṣe Ń To Afárá Gìtá Oníná Kí Ohùn Má Baà Yẹ̀ Lóde Àríyá

Gìtá oníná tí ó ní ọ̀pá irin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. A ń rí i lọ́wọ́ àwọn tí ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń rí i lọ́wọ́ àwọn tí ń bá olórin jùjú jáde lọ sóde ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Bí onígìtá bá tẹ ọ̀pá náà, ohùn á yọ́ wálẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ohùn á padà sí àyè rẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn kì í padà síbi tí ó ti kúrò, onígìtá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́ orí gìtá nígbà tí àwọn onílù ti wọ inú orin lọ. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afárá tí ẹnikẹ́ni kò tò ni.

Afárá, tí àwọn olórin ń pè ní bíríìjì, ni irin tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gùn lé ní ìdí gìtá. Ojú kan ni ó máa ń wà lára gìtá àtijọ́, kò gbọdọ̀ mira. Ní ọdún 1954 ni Leo Fender, ará California ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ títún rédíò ṣe rí, gbé gìtá Stratocaster jáde, afárá tí ń mì ni ó sì fi sí i. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ro irú rẹ̀, nítorí Paul Bigsby ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ti Fender ni àwọn ilé iṣẹ́ Jàpáànù, Kòríà àti Ṣáínà wá ń ṣe àwòkọ rẹ̀ káàkiri ayé. Tremolo ni Fender sọ ọ́, orúkọ náà kò sì bá a mu. Nínú ìmọ̀ orin, tremolo ni kí ariwo ohùn máa pọ̀ kí ó sì máa dín. Èyí tí afárá yìí ń ṣe, kí ohùn máa ròkè kí ó sì máa rodò, vibrato ni. Èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé Fender kan náà pe tremolo gidi, èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ áńpù rẹ̀, ní vibrato! Ó ti pẹ́ jù láti yí orúkọ padà.

Kí ni olórin wa fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìdáhùn wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe “bàtá” dáadáa, ohùn òkè rẹ̀ kì í bẹ́ sókè bí ẹni fò, ńṣe ni ó ń yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá sì pe “rárà”, yíyọ́ ni ohùn ń yọ́ wálẹ̀. Àyàn mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: apá ni ó fi ń fún okùn awọ ara gángan mọ́ra, apá náà ni ó sì fi ń dẹ̀ ẹ́. Gìtá ní tirẹ̀, fírẹ̀ẹ̀tì ti gé ọrùn rẹ̀ sí ìdákan-ìdákan, kò lè yọ́ àfi kí onígìtá fi ìka ti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó ní afárá tí ń mì.

Ìparí àwọn ọdún 1940 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Nígbà tí ó fi máa di ìgbà Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963, gìtá àti gángan ti ń bá ara wọn fọ̀. Lẹ́yìn náà ni Sunny Adé, ẹni tí a bí sí Òṣogbo ní ọdún 1946, wá gbé gìtá orí àga tí ń jẹ́ pedal steel wọ inú jùjú. Dèmọ́lá Adépọ̀jù ni ó ta á nínú àwo Juju Music tí Island Records gbé jáde ní ọdún 1982. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ irin abẹ́ rẹ̀ tí okùn fi ń le tí ó sì ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa yọ́ bí òróró. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀, kò sì wọ́pọ̀. Ọ̀pá tremolo lè fún onígìtá ní díẹ̀ nínú adùn náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí pé pedal steel lè mú okùn kan lọ kí ó fi ìyókù sílẹ̀, ṣùgbọ́n tremolo ń gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí wàhálà wà kò hàn síta. Bí ẹ bá tú ike tí ó bo ẹ̀yìn gìtá, ẹ ó rí ihò kan tí sípíríǹgì mẹ́ta nà sí, nígbà mìíràn márùn-ún. Ìpẹ̀kun wọn kan kọ́ ìdí afárá, èkejì kọ́ irin eléékánná kan tí síkúrù gígùn méjì dè mọ́ igi. Okùn ń fa afárá síwájú, sípíríǹgì ń fà á sẹ́yìn, ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni afárá dúró sí. Agbára náà kì í ṣe kékeré. Okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní nọ́ńbà 9, bí a bá yí gbogbo rẹ̀ dé ojú ohùn rẹ̀, ń fà tó nǹkan bíi kílò 38. Ti nọ́ńbà 10 súnmọ́ kílò 47, ó kù díẹ̀ kí ó tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá pààrọ̀ nọ́ńbà 9 sí nọ́ńbà 10 láìfọwọ́ kan sípíríǹgì fi ń rí i pé afárá gbé ìdí sókè, tí okùn sì ga jù fún ìka.

Kí ẹ tó mú síkúrù díráfà, ẹ kọ́kọ́ pinnu bí ẹ ṣe fẹ́ kí afárá wà. Ọ̀nà kan ni kí ìdí rẹ̀ gbéra kúrò lórí igi ní nǹkan bíi mìlímítà 3, kí ohùn lè ròkè kí ó sì lè rodò. Ó dùn, ṣùgbọ́n bí okùn kan bá já, sípíríǹgì á borí, á fa afárá sẹ́yìn, okùn márùn-ún tí ó kù á sì ròkè kọjá ààlà. Nínú jùjú, níbi tí gìtá méjì tàbí mẹ́ta ti ń dáhùn ara wọn, orin ti bàjẹ́ nìyẹn, bóyá nígbà tí olówó òde ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti náwó. Ọ̀nà kejì ni kí afárá jókòó pẹrẹsẹ lórí igi. Ohùn kò ní lè ròkè mọ́, ó lè wálẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n bí okùn kan bá já, márùn-ún ìyókù kò ní yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, èyí ni ó yẹ ẹni tí ń ṣeré mọ́jú àti ẹni tí ń ta gìtá ní ìsìn. Kí onígbéraga fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún inú yàrá tí a ti ń gba orin sílẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Ẹ yọ wáyà kúrò lára áńpù, ẹ so okùn tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ó máa lò nígbà gbogbo, kí ẹ sì fi ọwọ́ fà á jẹ́jẹ́ títí yóò fi nà tán. Síkúrù mẹ́fà wà níwájú afárá irú ti Fender àtijọ́. Àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ yí wọlé títí wọn yóò fi kan irin fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì dẹ mẹ́rin àárín díẹ̀. Àwọn kan a máa yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀ pinpin, wọ́n á tún máa bínú pé afárá ń há. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí okùn dé E, A, D, G, B àti E, láti orí èyí tí ó nípọn dé èyí tí ó tín-ín-rín, kí ẹ sì wo ìdí afárá láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ga jù, ẹ yí síkúrù méjèèjì irin eléékánná sọ́wọ́ ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún ohùn okùn ṣe kí ẹ tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé gbogbo bí ẹ ṣe ń yí i ni ohùn ń yẹ̀. Sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹni tí ó bá yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó lọ ti tan ara rẹ̀ jẹ. Bí afárá bá ti jókòó lórí igi, ẹ fi ìdajì ìyípo kún un kí ó lè dúró gbọnin. Bí síkúrù bá sì ti wọlé tán tí afárá kò tíì jókòó, ẹ fi sípíríǹgì kan kún un. Wáyà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n jó mọ́ irin eléékánná náà, ẹ má ṣe já a. Bí ó bá já, gìtá á máa kùn bí oyin nínú áńpù.

Bí ohùn kò bá tún padà lẹ́yìn gbogbo èyí, ọrùn gìtá ni kí ẹ yẹ̀ wò, níbi egungun tàbí ike kékeré tí ó ya okùn sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ kọ́kọ́rọ́. Ẹ tẹ ọ̀pá dé ìsàlẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ohùn bá padà tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, okùn ti há sínú egungun náà. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù kun inú àwọn ihò rẹ̀, dúdú pẹ́ńsùlù á jẹ́ kí okùn máa yọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí okùn wé mọ́ ìdí kọ́kọ́rọ́ ju ìgbà mẹ́ta lọ.

Gíga okùn ló kù. Ara irin kékeré tí okùn kọ̀ọ̀kan gùn lé ni a ti ń tò ó, pẹ̀lú irin onígun mẹ́fà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní àlíńkì. Mìlímítà kan àbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i, láàárín okùn àti fírẹ̀ẹ̀tì kẹtàdínlógún, tọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn, tàbí fóònù tí ó ní irú rẹ̀, wo okùn tí a tẹ̀ ní fírẹ̀ẹ̀tì kejìlá. Bí ó bá ga ju ìlọ́po ohùn tí okùn náà ń dún nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, ẹ fa irin kékeré rẹ̀ sẹ́yìn. Bí kò bá tó o, ẹ tì í síwájú.

Afárá irú ti Floyd Rose, tí ó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, tí ó ń ti okùn pa lórí àti nídìí, ní ìlànà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àárín okùn àti sípíríǹgì kan náà ni.

Ìgbà ọyẹ́ le fún gìtá. Ìparí ọdún, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń wálé tí òde àríyá sì ń pọ̀, ni igi ń gbẹ tí ọrùn gìtá sì ń yí díẹ̀. Kí ẹ yẹ afárá wò kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe ní ojú agbo. Nínú àpò gìtá, ẹ fi àlíńkì, síkúrù díráfà, sípíríǹgì kan àti okùn E tín-ín-rín méjì sí i, nítorí pé àwọn okùn tín-ín-rín ni ó sábà máa ń já. Bí okùn kan bá sì ń já lójú kan náà lórí afárá lemọ́lemọ́, irin abẹ́ rẹ̀ ni ó ti mú bí abẹ. Ẹ fi sáńpépà tí ó kúnná ha á kí ẹ tó so òmíràn.