Ìbojúwẹ̀yìn àti Àríkọ́gbọ́n: Èdè Wa Lẹ́yìn Àjàkálẹ̀ Àrùn

Gbogbo iṣẹ́ ló ní èdè tirẹ̀, àgbẹ̀ ní tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀, babaláwo pàápàá kì í sì í bá ọ̀gbẹ̀rì jiyàn lórí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá kan ẹ̀mí gbogbo ìlú kò gbọdọ̀ fi èdè rẹ̀ pamọ́ fún ìlú. Èyí ló mú mi ronú, ní Accra níbí, nípa ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lò nígbà tí ìjà àrùn bá rọlẹ̀, tí wọ́n sì jókòó láti wo bí wọ́n ti jà á; nítorí àwọn Yorùbá tó ti fi Tudu, Nima àti àdúgbò tí à ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí ṣe ilé láti ìran dé ìran, omi kan náà ni àwọn àti ará Gà ń mu, àrùn kan náà ló sì ń kan ilẹ̀kùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí onígbáméjì, tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí ní oṣù kẹfà ọdún 2014, tó sì ti mú ènìyàn tó lé ní 28,000 ní ilẹ̀ Gánà kí ọdún náà tó parí, tí 243 nínú wọn sì bá a lọ. Igbá méjì ni àwọn baba wa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ọ̀kan fún èébì, ọ̀kan fún ìgbẹ́ gbuuru, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sì fi sọ àrùn lórúkọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ṣọ̀pọ̀nná, Ilẹ̀gbóná, Olóde tí a kì í forúkọ rẹ̀ ṣeré lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rù ló sọ òun lórúkọ. Ẹni tí yóò túmọ̀ iṣẹ́ ìlera, ọ̀nà ti onígbáméjì ni kó tọ̀. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn tó sọ òfin ìsémọ́lé kòrónà ọdún 2020 ní kónílé-ó-gbélé tọ̀: nígbà tí ìjọba Gánà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sé Accra àti Kumasi mọ́lé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, Yorùbá tó gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ òfin.

Ìpàdé ẹ̀yìn ìjà tí àwọn onímọ̀ ìlera ń ṣe ńkọ́? Àwọn kan ń pè é ní ìwádìí, ṣùgbọ́n bí etí bá gbọ́ ìwádìí, ọlọ́pàá àti adájọ́ ni ọkàn ń lọ bá, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀ ni pé, kí la ti pèsè sílẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló dára, kí ló kù díẹ̀ káàtó, kí ni ká tún ṣe? Wọn kì í bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn: ìbojúwẹ̀yìn ni mo gbà pé ó yẹ ìpàdé náà. Kí ìgbéléwọ̀n dúró fún èyí tí àwọn onímọ̀ láti òkèèrè máa ń ṣe, tí wọ́n ń fún orílẹ̀-èdè ní máàkì láti 1 dé 5 lórí ìmúrasílẹ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì; nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má dúró di ìparí kòrónà kí wọ́n tó yẹ ara wọn wò. Ìyẹn ni ìbojúwẹ̀yìn àárín ìjà.

Èyí tó ṣòro jù ni orúkọ ohun tí ìbojúwẹ̀yìn bí. Bí a bá pè é ní ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ ọ kó sì gbàgbé. Àríkọ́gbọ́n ló so ohun tí ojú rí mọ́ ọgbọ́n tí ọwọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ní ilé ìwádìí Noguchi ní Legon, tí a fi orúkọ onímọ̀ ará Japan tí ibà pọ́njú pa ní Accra ní ọdún 1928 sọ, nígbà tí àyẹ̀wò kòrónà pọ̀ ju agbára wọn lọ, wọ́n da ohun tí wọ́n fi òwú gbà ní imú àti ọ̀fun ènìyàn mélòó kan pọ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: bí kò bá sí àrùn níbẹ̀, gbogbo wọn bọ́, bí ó bá wà, wọ́n á padà yẹ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Àríkọ́gbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 onígbáméjì tún yọjú láti ìhà Ada, ní agbègbè Accra kan náà, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí tó pa 243 ènìyàn, bí ẹni pé a kò kọ ìwé kankan rí lórí omi ìdọ̀tí àti àìsí ilé ìgbẹ́.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ má ṣe pe ìwé kankan ní àríkọ́gbọ́n tí kò bá tíì yí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni padà. Àkọsílẹ̀ ni kí ẹ máa pè é títí ìṣe yóò fi yí padà.