Ewé, Egbò àti Ọtí Líle: Ohun tí Ìtàn Gàmbàrí Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ àgbo tí wọ́n ń rẹ sínú ọtí líle ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ wa gbà pé bí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe é láti ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn. Ìtàn kò gbè wọ́n.

Ewé àti egbò ti wà tipẹ́. Ẹmu, ògùrọ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà ni ọtí àwọn àgbà. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ọbàtálá àti ẹmu, àti ìdí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń yẹra fún un. Omi, omidùn tàbí ẹmu ni wọ́n fi ń rẹ egbò. Ọtí líle ní tirẹ̀, ọkọ̀ òyìnbó ló gbé e dé etíkun. Kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ilẹ̀ Jámánì àti Họ́láǹdì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Gàmbàrí ní Ìlọrin. Àdúgbò àwọn Hausa ni, lábẹ́ Balógun Gàmbàrí, ọ̀kan nínú balógun mẹ́rin ìlú náà. Àwọn oníṣòwò òkè Ọya ti ń wọ̀ sí ibẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orúkọ ọjà wọn ṣì wà lẹ́nu wa: kanumfari tiwọn ni kánáfùrù tiwa, kanwa wọn sì ni káún. Hausa a máa fi kánáfùrù àti atalẹ̀ sínú kúnú, wọn kì í fi ọtí sí i. Ẹ dé gáréèjì ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kánáfùrù àti atalẹ̀ yẹn náà lẹ ó bá nínú ìgò paraga, pẹ̀lú ewúro, aáyù àti orógbó, ògógóró ló bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà níbẹ̀, òfin sì tì í lẹ́yìn. Àdéhùn Brussels ti 1890 ní kí ọtí líle má wọ ilẹ̀ tí wọn kò ti í máa mu ún. Nígbà tí ìjọba Àríwá Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1900, tí Ìlọrin wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òfin dè é. Ní Èkó, ńṣe ni owó ibodè orí ọtí ń bọ́ ìjọba. Ní 1919, àdéhùn Saint-Germain ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é nílẹ̀ wa. Àmọ́ nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n ní àwọn ọdún 1930, àwọn ènìyàn wọ igbó, wọ́n ń se ògùrọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, oru rẹ̀ ń gba páìpù kọjá nínú omi tútù, ó ń di ògógóró. Ògógóró tí ìjọba kà léèwọ̀ yẹn ni àwọn kan ń pè ní ìṣẹ̀ṣe lónìí.

A ò ní ọtí kò wúlò o. Ó ń fa àwọn oje kan jáde lára egbò tí omi lásán kì í fà. Ṣùgbọ́n ìkorò egbò ń bo ọtí burúkú mọ́lẹ̀, ẹni tó ń mu ún kò ní fura. Ní oṣù kẹrin 2015, ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá kú ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú wọn ń fọ́ kí wọ́n tó kú. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, ọtí olóró tó wà nínú ògógóró.

Ẹ̀yin awo, ibi tó ti kàn wá nìyẹn. Ọtí pa ènìyàn, òrìṣà ni wọ́n dárúkọ. Tí a bá wá ń fi orúkọ Ifá ta àgbo inú ọtí tí a kò mọ ẹni tó sè é, kí la ó wí lọ́jọ́ mìíràn? Omidùn ṣì wà. Omi ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká padà sí wọn, ká sì sọ òótọ́ fún ẹni tó bá bi wá léèrè.