Miami 2001: Ta Ló Tún Kó Irú Àwọn Akọlù Bẹ́ẹ̀ Jọ?

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní ọdún 2002, ní pápá Rose Bowl ní Pasadena, ìpínlẹ̀ California, ìdajì eré ò tíì pé tí ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Yunifásítì Miami ti gba àmì ayò 34, Nebraska ò rí ẹyọ kan. Ken Dorsey ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ó ju ọ̀kan sókè réré sí Andre Johnson, ìyẹn hán an, ó gbé e dé òpin pápá àwọn ọ̀tá, ó di touchdown oníyáàdì 49. Clinton Portis gbé tiẹ̀ mọ́ra, ó sáré yáàdì 39 wọlé. Jeremy Shockey náà gba tiẹ̀, Johnson sì tún padà wá gba òmíràn. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìparí ní 37 sí 14, Johnson ti hán bọ́ọ̀lù méje fún yáàdì 199, òun àti Dorsey sì jọ pín àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá a jù.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà ò tíì jáwọ́ nínú àríyànjiyàn tí ikọ̀ yẹn dá sílẹ̀: nínú gbogbo ikọ̀ tó ti gba ife, ṣé a tún rí èyí tí ẹ̀bùn àwọn akọlù rẹ̀ tó ti Miami ọdún 2001? Pé ikọ̀ náà lápapọ̀ jẹ́ àgbà ikọ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń jiyàn ìyẹn. Agbábọ́ọ̀lù 38 nínú wọn ni àwọn ẹgbẹ́ NFL, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, padà ṣà. 17 nínú wọn ni wọ́n sì ṣà ní ìpele kìíní, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti kọ́kọ́ ń mú àwọn tí wọ́n fẹ́ jù. Ìhà akọlù ni ìjà wà. Àwọn kan ní àwọn adènà ló gbé ikọ̀ náà lẹ́yìn, pé Ed Reed, Jonathan Vilma, Vince Wilfork àti Sean Taylor ló ń ṣiṣẹ́, tí àwọn tó kù ń jẹ èrè. Bí a bá ka àwọn 17 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, adènà jẹ́ 11, akọlù jẹ́ 6. Ẹnu wọn gbà á láti sọ̀rọ̀, nígbà náà. Àmọ́ mo gbà pé wọ́n ṣì ọ̀rọ̀ náà mú, àwọn tó sì ń fi orúkọ àwọn tó lọ sí NFL pa wọ́n lẹ́nu mọ́ náà ṣì í mú lọ́nà tiwọn.

Fún ẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀: nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, àwọn akọlù àti àwọn adènà ikọ̀ kan kì í jọ wà lórí pápá. Mọ́kànlá ń jáde, mọ́kànlá ń wọlé. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ikọ̀ kan, wọ́n ní ìgbà mẹ́rin láti fi gbé e síwájú yáàdì 10, bí wọ́n bá sì ṣe é, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Ẹni tó ń darí ìkọlù, tó ń jù ú, ni quarterback. Àwọn kan wà tó ń gbé e sáré, àwọn kan wà tó ń hán an, àwọn ọkùnrin gìrìwò márùn-ún sì wà níwájú tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú bọ́ọ̀lù dání. Nítorí pé ìhà méjèèjì yàtọ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gbé ìhà kan lé orí ìwọ̀n láìka ìkejì kún un, ìyẹn sì ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ṣàdédé bọ́ sílẹ̀ láti ọ̀run. Ní ọdún 1995, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, fìyà jẹ Miami. Ààyè ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 31 ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Butch Davis tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà ní láti máa fi ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá ọmọ, púpọ̀ nínú àwọn tó mú ni ò sì jìnnà sílé. Andre Johnson gba ilé ẹ̀kọ́ Miami Senior High wá. Willis McGahee wá láti Miami Central. Frank Gore wá láti Coral Gables, ìlú tí yunifásítì náà wà gan-an. Àwọn tó tọ̀nà jíjìn wá náà wà: Dorsey ti California wá, Shockey ọmọ Oklahoma àti Bryant McKinnie ọmọ New Jersey sì ti kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kí Miami tó gbà wọ́n.

Ọdún 2000 ló fi ìkorò sí wọn lẹ́nu. Wọ́n na Florida State ní 27 sí 24 ní oṣù Kẹwàá, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka ẹni tó yẹ fún àṣekágbá, Florida State tí wọ́n nà yẹn ni wọ́n mú. Florida State lọ, Oklahoma sì lù wọ́n 13 sí 2. Kò pẹ́ sígbà náà ni Davis fi ilé sílẹ̀ lọ sí Cleveland Browns, ẹgbẹ́ NFL kan. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ò fẹ́ àjèjì. Wọ́n bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fi Larry Coker, tó ti ń darí ìhà akọlù wọn tẹ́lẹ̀, jẹ olórí, àwọn aláṣẹ sì gbọ́ tiwọn. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà. Àwọn ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá tún ilé tó ti dúró kọ́.

Orí àwọn márùn-ún iwájú ni ìkọlù náà dúró lé. McKinnie wà lápá òsì, Joaquin Gonzalez lápá ọ̀tún, Brett Romberg, ọmọ Kánádà, sì wà láàárín. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 2001, Syracuse gbé adènà wọn, Dwight Freeney, wá bá wọn ní Orange Bowl, pápá Miami nígbà náà. Ní ọdún yẹn, kò sí ẹni tí àwọn quarterback bẹ̀rù bíi Freeney ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ó yára bí àṣá, ó sì ní ọgbọ́n kan tó fi ń yí bírí lára ẹni tó bá dí i lọ́nà, kí onítọ̀hún tó mọ̀, ó ti kọjá. McKinnie ni wọ́n fi kojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ga tó igi ọ̀pẹ, tí apá rẹ̀ gùn débi pé Freeney ò rí àyè sún mọ́ ọn kó tó yí. Bó bá yí sọ́tùn-ún, ọwọ́ McKinnie ti wà níbẹ̀. Bó bá yí sósì, bákan náà. Títí eré fi parí ní 59 sí òdo, Freeney ò rí Dorsey gbé lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ kejì, Washington wá, wọ́n fi 65 sí 7 lé wọn padà. Àmì ayò 124 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, sí ikọ̀ méjì tó lórúkọ.

Ti àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ló máa ń mú kí ẹni tó ń jiyàn dákẹ́. Portis ló wà nípò àkọ́kọ́ ní ọdún 2001, ó sáré yáàdì 1,200. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gore, ọmọ ọdún àkọ́kọ́, tó sáré yáàdì 562 pẹ̀lú bó ṣe jẹ́ pé ìgbà 62 péré ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un. Lẹ́yìn wọn ni McGahee. Najeh Davenport tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti la ọ̀nà fún àwọn wọ̀nyí náà padà dé NFL. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe níbi tí wọ́n lọ. Portis gba àmì-ẹ̀yẹ akọlù tuntun tó dára jù ní ọdún 2002, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú yáàdì 9,923. McGahee ní 8,474. Gore ní 16,000 géérégé, èyí tó gbé e sípò kẹta nínú ìtàn NFL, lẹ́yìn Emmitt Smith àti Walter Payton nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, inú yàrá ìmúra kan ṣoṣo, yáàdì tó lé ní 34,000. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá tún un ṣírò ni ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Àwọn kan á ní iye yẹn ti parí ìjiyàn. Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé lẹ́yìn ọdún 2001 ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Gore tí gbogbo ayé wá mọ̀ yìí, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń wo Portis. McGahee kò tíì sáré yáàdì 1,753 tó sá ní ọdún 2002, ọdún tí wọ́n tún dé àṣekágbá tí Ohio State fi 31 sí 24 já ife gbà lọ́wọ́ wọn, tí orúnkún òun náà sì bàjẹ́ lójú gbogbo ayé. Kellen Winslow kékeré, tí Cleveland padà fi ipò kẹfà mú, bọ́ọ̀lù méjì péré ló hán ní gbogbo ọdún 2001. Bí a bá ń dárúkọ wọn bíi pé gbogbo wọn jọ ń gbá a nígbà kan náà, ohun tí wọ́n máa dà lọ́la là ń fi ka iṣẹ́ àná.

Ti Dorsey wá dojú ọ̀rọ̀ náà rú pátápátá. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gbogbo ìkọlù náà. Nínú eré 40 tó bẹ̀rẹ̀ ní Miami, 38 ló borí. Ní ọdún 2001, ó ju bọ́ọ̀lù yáàdì 2,652 àti touchdown 23, ó sì ṣe ipò kẹta nínú ìdíje Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù. Síbẹ̀, nígbà tí NFL ń ṣà ní ọdún 2003, ìpele keje, èyí tó kẹ́yìn, ni orúkọ rẹ̀ tó jáde. Apá rẹ̀ ò lágbára tó, wọ́n ní. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìwọ̀n NFL wọn ikọ̀ yìí á sọ pé ẹni tó darí rẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀ kéré jù. Èmi ò gbà. Mímọ ẹni tó yẹ kí bọ́ọ̀lù lọ bá, kí ojú má pọ́n ẹni, kí ọmọ ogún ọdún mọ bí yóò ṣe tẹ́ akọni mẹ́wàá lọ́rùn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ẹyọ kan, ẹ̀bùn ni. Dorsey padà di olùkọ́ àwọn quarterback ní NFL, Cam Newton sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní Carolina ní ọdún 2015 tó di agbábọ́ọ̀lù tó yọrí jù nínú líìgì náà.

Òun náà ní ọjọ́ burúkú o. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá, ní Boston College, ìkọlù yìí ò rí touchdown ẹyọ kan gbà. Àwọn ọ̀tá já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Dorsey nígbà mẹ́rin. Ẹsẹ̀ Todd Sievers, tó gbá mẹ́rin wọlé, ni wọ́n fi wà ní 12 sí 7, Boston College sì ti sún mọ́ ilé Miami nígbà tí eré fẹ́ parí. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó ta lára adènà Miami kan, ó bọ́ sọ́wọ́ Matt Walters, adènà mìíràn tó tóbi gan-an. Bí Walters ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ ni Ed Reed sáré dé, ó já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọmọ ilé tiẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sáré yáàdì 80 wọlé. 18 sí 7. Ẹni tó bá sọ pé àwọn adènà ló gbé ikọ̀ yẹn, ọjọ́ yìí ni kó máa tọ́ka sí. Ó tọ̀nà fún ọjọ́ yìí. Àmọ́ ọjọ́ kan ni. Ní gbogbo eré 12, Miami gba àmì ayò 512, wọ́n gba 117 péré sílé.

Ikọ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé kò Miami lójú. Nebraska ọdún 1995, lábẹ́ Tom Osborne, gba 638 nínú eré 12, kò sí ẹni tó sún mọ́ wọn ju àmì ayò 14 lọ, wọ́n sì na Florida 62 sí 24 ní àṣekágbá. Tommie Frazier tó darí wọn ò gbá NFL rárá. Èkejì ni LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, ti ọdún 2019: àmì ayò 726 nínú eré 15, touchdown 60 láti ọwọ́ Joe Burrow nìkan, Ja'Marr Chase àti Justin Jefferson lọ́tùn-ún lósì. Ní ti iṣẹ́ ọdún kan ṣoṣo, mo gbé adé fún LSU, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Miami ò ju bọ́ọ̀lù báyẹn rí. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀bùn tó wà nínú ilé là ń wí, àti ti ẹni tó ń gbá àti ti ẹni tó jókòó, akọlù mẹ́rin ni NFL ṣà ní ìpele kìíní láti inú LSU yẹn. Miami ní mẹ́fà: McKinnie, Shockey, Johnson, McGahee, Winslow àti Vernon Carey. Portis ò sí nínú mẹ́fà yìí. Gore ò sí níbẹ̀.

Wọ́n ti wó Orange Bowl ní ọdún 2008. Àdúgbò Little Havana ló wà, láàárín àwọn ará Kúbà tí ṣọ́ọ̀bù wọn ń ta ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun àti ti Ṣàngó, tí àwọn àgbà kan nínú wọn ṣì ń fi Lukumí, èdè tí àwọn baba ńlá wa kó kọjá òkun, kí òrìṣà. Pápá béèsìbọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí olùdarí fíìmù Billy Corben ṣe fíìmù kejì rẹ̀ lórí Miami ní ọdún 2014, ìjiyàn náà tún gbóná janjan, nítorí àwọn ọmọ tí ò tíì rìn ní ọdún 2001 ti wá dá sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n gba Andre Johnson wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Akọni NFL. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba Dwight Freeney. McKinnie, tí kò jẹ́ kí Freeney fọwọ́ kan Dorsey ní ọjọ́ yẹn ní Orange Bowl, kò sí nínú àwọn tí wọ́n pè.